Lílé ni àbí ègbè? Bẹ́ ẹ ṣe lè yan àwo fóòkù tàbí pọ́ọ̀pù-pọ́ǹkì tó máa bá yín lára mu

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ mọ ibẹ̀ náà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìyàwó àti pósítà olóṣèlú, tí ẹ̀rọ kìí sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, orin òyìnbó onígìtá tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yìí, èwo lẹ máa ní kí n kọ́kọ́ gbọ́?" Inú mi dùn débi pé mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kàn dárúkọ èyí tí mo fẹ́ràn jù láyé mi, àwo fóòkù kan, Pink Moon ti Nick Drake. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ nǹkan kan o, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń dá sọ̀rọ̀ níyàrá kejì." Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi íàpíìsì ẹ̀ kan sétí, òótọ́ lọmọ náà ń sọ. Ẹ̀rọ ń lọ gbàkà-gbàkà, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n gbé íǹkì dúdú wá, abẹ́ gbogbo ẹ̀ ni Nick Drake wà tó ń kọrin jẹ́jẹ́ sí gìtá kan ṣoṣo. Àwo yẹn ò ní àléébù, èmi ni mo gbé e síbi tí kò yẹ ẹ́. Níbẹ̀ náà ni mo ti yọ fóònù mi, mo wá Dookie, àwo pọ́ọ̀pù-pọ́ǹkì ti ẹgbẹ́ Green Day, mo ní kó gbọ́ orin kan péré. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, tó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bó ṣe ń to bébà.

Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti júwe àwo fún ẹnikẹ́ni mọ́ láì kọ́kọ́ bi í ní nǹkan méjì: ibo lo ti máa gbọ́ ọ, àti pé ṣé lílé lò ń wá ni àbí ègbè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí ìkejì yẹn torí òun ni mo fi máa wọn gbogbo àwo tó wà nísàlẹ̀ yìí. Nínú orin tiwa, ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Tó bá jẹ́ fóòkù, ẹni tó ń lé ló ni gbogbo ẹ̀: ẹnì kan, gìtá kan, ìtàn kan, ìgbà míì kò tiẹ̀ sí ègbè níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ á kàn máa tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn títí ìtàn á fi parí, tí gbólóhùn méjì bá fò yín dá, ẹ ti ṣìnà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pọ́ọ̀pù-pọ́ǹkì, ègbè lọba. Gbogbo lílé tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sáré gbé yín dé ibi tí gbogbo ilé á ti jọ pariwo, ìlù ń sáré, gìtá ń han bí ayùn tó ń gé irin, orin kan ò sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tẹ́ ẹ bá fi máa gbọ́ ègbè náà lẹ́ẹ̀kejì ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn Ramones ti New York wà lára àwọn tó la ọ̀nà yẹn lọ́dún 1976, orin 14 ni wọ́n kó sínú àwo wọn àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ò sì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ má sì rò pé fóòkù ni orin ìbílẹ̀ bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n o. Ara orin ìbílẹ̀ tiwọn ló ti jáde lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, àwọn fúnra wọn ló jókòó tó kọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nílé wa, lójú tèmi, ni jùjú àtijọ́, irú èyí tí Túndé King ń kọ ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1940, kí gìtá oníná tó dé, gìtá báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tó jókòó sí pálọ̀ tó ń fetí sí ohun tó ń sọ. Ẹ gbé ara yín sínú pálọ̀ yẹn, fóòkù á yé yín.

Ọ̀rọ̀ ariwo wá ńkọ́? Okùn gìtá tí wọ́n fìka ta máa ń dún sókè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ títí á fi kú, ohùn ẹni tó ń kọ ọ́ náà á máa lọ sókè sódò, èyí tó rọlẹ̀ yẹn ni ariwo Èkó máa ń gbé mì. Gìtá pọ́ọ̀pù-pọ́ǹkì ò ní ibi tó ti ń rọlẹ̀, wọ́n ti fẹ́ ẹ láti inú ẹ̀rọ débi pé bákan náà ló ń dún látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí náà dánfó lè máa fọn fèrè, kọ̀ńdọ́kítọ̀ lè máa pe "Yábà! Ojúẹlẹ́gba!", ẹ ṣì máa gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi fọ́lúùmù bá ariwo jà nítorí pé ẹ fẹ́ gbọ́ fóòkù nínú ọkọ̀, wọn ò ta etí mìíràn ní Aláàbà.

Dátà náà, kí n yáa sọ ọ́ tán. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin ní 160 kilobit fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan ń jẹ nǹkan bíi MB 1.2. Pink Moon tó jẹ́ ìṣẹ́jú 28 máa jẹ nǹkan bíi MB 34, Dookie á jẹ tó MB 47. Ẹ wà á sórí fóònù lóru kẹ́ ẹ tó jáde, torí bí mo bá ti gun orí afárá báyìí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tèmi máa ń já, orin á sì dúró síbi tó dùn jù.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: Tracy Chapman tàbí Dookie

Àwo Tracy Chapman àkọ́kọ́, orúkọ ẹ̀ náà ló fi sọ ọ́, 1988 ló jáde, orin 11, ìṣẹ́jú bíi 36. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, "Fast Car" yẹn, èyí tí rédíò ò yéé gbé sí i láti ìgbà tá a wà lọ́mọdé. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká ni ọ̀rọ̀ Mandela. Lóṣù kẹfà ọdún 1988 ni wọ́n ṣe àríyá orin ńlá ní Wembley ní London fún ọjọ́ ìbí Mandela tó pé ẹni 70, ó sì ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà yẹn. Tracy ti kọ tiẹ̀ tán, ó ti sọ̀kalẹ̀, àfi bó ṣe kan Stevie Wonder tí wọn ò rí nǹkan tó máa fi gbé orin sínú ẹ̀rọ ẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá ní kí Tracy padà sórí ìtàgé. Ó padà, òun nìkan, gìtá ẹ̀ lọ́wọ́, níwájú gbogbo èrò yẹn. Ẹ fojú inú wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo náà, ó sì gba Grammy mẹ́ta lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àmọ́ kìí ṣe "Fast Car" ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ lọ síbẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Behind the Wall", kò sí gìtá, kò sí ìlù, ohùn lásán, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹnì kan ló ń sọ pé òun ń gbọ́ igbe obìnrin láti ẹ̀yìn ògiri lóru, tí ọlọ́pàá sì máa ń pẹ́ kó tó dé, bí wọ́n bá tiẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí ní Bàrígà tàbí Múṣin, mi ò ní láti túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dá fóònù dúró, mo jókòó bẹ́ẹ̀, torí mo rántí yàrá kẹta sí tiwa nígbà yẹn, mo rántí bí gbogbo wa ṣe máa ń dákẹ́. Lílé pátápátá nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbè é.

Dookie wá ńkọ́. Oṣù kejì 1994, ọmọkùnrin mẹ́ta láti California, ìṣẹ́jú bíi 39. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ lókèèrè máa rò ni pé ariwo ọmọdé lásán ni, mo ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wá tẹ́tí sí "Basket Case". Billie Joe Armstrong tó kọ ọ́ ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ara òun ni, ìgbà tí ẹ̀rù òjijì máa ń mú un, tí àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, tí kò mọ ohun tó ń ṣe òun, tó rò pé orí òun ló fẹ́ dàrú. Nílé tiwa wọ́n á ní kó lọ gbààwẹ̀. Ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo tó báyẹn sínú orin tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jó sí, iṣẹ́ ni ìyẹn, kò rọrùn. Gìtá béèsì tó wọlé níbẹ̀rẹ̀ "Longview" náà, ẹ máa gbọ́ ọ nínú ikùn yín ju etí lọ tí íàpíìsì yín bá dáa díẹ̀.

Kí ni mo máa wá mú? Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbi ariwo, tàbí tí gẹ̀ẹ́sì orin kìí tètè yé yín, Dookie, ègbè ẹ̀ á gbé yín. Tẹ́ ẹ bá ní ibi kan tó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 36 péré, Tracy Chapman. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí n mú ẹyọ kan fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí, Tracy ni, torí gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe kedere, ó ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó yé ẹ lóòótọ́. Kí n sọ èyí náà, ìdajì kejì àwo ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ fara dà á. Dookie náà ní ọ̀rọ̀ àlùfànṣá nínú, ẹ má gbé e sí sípíkà tí àwọn màmá bá wà nílé.

Àwọn tí kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: Pink Moon tàbí Milo Goes to College

Méjèèjì yìí ni mo fẹ́ràn láti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jù, torí ohun kan náà ni wọ́n ṣe, wọ́n gé gbogbo ọ̀rá kúrò, àmọ́ ọ̀kan gé e kó lè dákẹ́, èkejì gé e kó lè sáré.

Milo Goes to College ti àwọn Descendents, California náà ni, 1982. Orin 15 ní ìṣẹ́jú 22! Mo ti gbọ́ ọ tán rí lórí ìlà BRT ní CMS kí ọkọ̀ tó gbé wa. Orúkọ àwo náà kìí ṣe àsọdùn, Milo Aukerman tó ń kọrin fún wọn ń lọ sí yunifásítì lóòótọ́ láti lọ kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè, àwòrán ẹ̀ ni wọ́n yà sójú àwo, ọmọ onígíláàsì pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó lọ, ó sì kàwé débi tó fi gba oyè dókítà. Mo máa ń sọ èyí fáwọn òbí tó bá ní orin ariwo ń ba ọmọ jẹ́. Bí àwo yìí ò bá sí, mi ò rò pé Green Day tàbí Blink-182 máa dún bí wọ́n ṣe dún, torí òun ló fi hàn pé èèyàn lè sáré tó bẹ́ẹ̀ kó sì tún máa kọrin ìfẹ́ tó dùn. Ohun kan tí mi ò fẹ́ bò mọ́ yín lójú ni pé èébú burúkú kan wà níbì kan méjì nínú ẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ọmọdé ni wọ́n nígbà yẹn, ó sì hàn.

Pink Moon wá. Nick Drake, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òru méjì péré ló fi gbà á sílẹ̀ ní London ní oṣù kẹwàá 1971, òun àti John Wood tó ń mójútó ẹ̀rọ, kò sẹ́lòmíì. Gìtá àti ohùn, àfi dùrù díẹ̀ tó bọ́ sínú orin àkọ́kọ́, dùrù yẹn náà ò ju ẹ̀kán omi bíi mélòó kan lọ. Ó jáde ní oṣù kejì 1972, ìwọ̀nba èèyàn ló rà á, ó kú lọ́dún 1974 lẹ́ni ọdún 26 láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ọ. Ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ mọ́tò kan lo orin àkọ́kọ́ yẹn fún ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn tó sáré lọ rà á.

Bí mo ṣe tún àṣìṣe mi ṣe lọ́dọ̀ àbúrò mi nìyí. Ó wá sùn lọ́dọ̀ mi ní Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n mú iná lọ bí aago mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò tan jẹnẹrétọ̀. A ò sùn, a ń sọ̀rọ̀ lórí bákónì. Tó bá ti ń lọ sí aago méjì òru, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ ọ̀ún á húkọ́, á kú, tọ̀hún náà á kú, èyí tó gbẹ̀yìn á wá dákẹ́ lójijì, ẹ máa wá gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ nínú gọ́tà. Ìgbà yẹn ni mo fún un ní íàpíìsì. Mi ò sọ nǹkan kan. Ní orin kẹta ó yọ ọ̀kan létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń gbọ́ ìka ẹ̀ lórí okùn." Ó ń gbọ́ ìka ẹ̀ lóòótọ́, bó ṣe ń fà shíọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, ó tún bi mí pé ṣé gìtá méjì ni. Mo ní rárá, ọ̀kan ni, bó ṣe máa ń tún okùn gìtá tò lọ́nà tiẹ̀ ló jẹ́ kó dún bíi méjì. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni, tàbí ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, Milo. Tó bá jẹ́ òru tí epo ti tán, Pink Moon, mi ò mọ àwo míì tó yẹ wákàtí yẹn jù ú lọ. Ẹ má gbọ́ wọn tẹ̀ léra o, ọ̀kan á ba èkejì jẹ́.

Ọkàn tó gbọgbẹ́: Blue tàbí Riot!

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tó ń gbé nítòsí Campos, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ já a jù sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n ti mú aṣọ ẹbí gan-an. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́, mo fi Blue ti Joni Mitchell ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sunkún, ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi Riot! ti Paramore ránṣẹ́, ìyẹn ló ń pariwo sí nínú kíṣìnì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí aládùúgbò fi wá kanlẹ̀kùn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé: ọgbẹ́ tó ṣì tutù, Riot! ni kẹ́ ẹ fún un, ọgbẹ́ tó ti di àpá, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé Blue wá.

Riot! jáde ní 2007, orin 11, àwọn ọmọ Franklin ní Tennessee. Hayley Williams tó ń kọrin ò ju ẹni ọdún 18 lọ, ohùn yẹn sì tóbi ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ fíìfíì. Ibi tí ègbè "That's What You Get" ti ń bẹ́ yẹn, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ má kọ ọ́, ẹ ò ní lè ṣe é. "Misery Business" ló gbé wọn jáde, inú ẹ̀ ló ti bú obìnrin bíi tiẹ̀ lọ́rọ̀ kan tó burú, bó ṣe ń dàgbà ọ̀rọ̀ yẹn ń dà á láàmú, ní 2018 ó sọ lórí ìtàgé pé àwọn máa gbé orin náà jù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, 2022 ni wọ́n tó tún padà sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn, ó wo ohun tó kọ lọ́mọdé, kò díbọ́n pé òun ò kọ ọ́.

Blue ò ní ègbè tẹ́ ẹ máa pariwo. 1971, orin 10, ìṣẹ́jú bíi 36. Ọmọ Kánádà ni Joni, àìsàn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9, ọwọ́ òsì ẹ̀ ò lágbára tó láti di okùn gìtá mú bí àwọn yòókù ṣe ń dì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí okùn sí ohùn tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gìtá ẹ̀ ò fi jọ ti ẹnikẹ́ni. Ohun èlò kan tún wà tó máa ń gbé lé itan, dọ́símà (dulcimer) ni wọ́n ń pè é, òun lẹ ń gbọ́ nínú "Carey" àti "A Case of You", ó ń dún tín-ín-rín, ó mọ́ bí omi àmù.

Orin kan wà nínú ẹ̀, "Little Green". Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń gbọ́ ọ láìmọ̀ ohun tó ń sọ. Ọmọ tó bí lọ́dún 1965 ló ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tó ṣì kéré, tí kò lówó, tí kò lọ́kọ, tó gbé ọmọbìnrin náà fún ẹlòmíì láti tọ́. Ọdún 1997 ni ìyá àtọmọ tó fojú kan ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ jókòó dáadáa. Mo mọ àwọn obìnrin méjì lágbo ilé wa tí ìtàn wọn ò jìnnà sí ìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ lórin fún wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà gbọ́ Blue o. Oṣù mẹ́jọ ló gbà á.

Tí ìjọba bá bí yín nínú: Freewheelin' tàbí American Idiot

Mi ò ní pẹ́ níbí. The Freewheelin' Bob Dylan, 1963, ìṣẹ́jú 50, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 22 nígbà tó jáde, gìtá, ohùn àti hàmóníkà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. "Blowin' in the Wind" yẹn, ẹ wò ó dáadáa, ìbéèrè ló ń bi ṣáá, kò dáhùn ẹyọ kan. Ohùn ẹ̀ ò dùn, ó le létí bí iyanrìn, gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sì máa ń bọ́ láti imú, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè tètè sú. Kẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ orin náà bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ó máa ń ràn mí lọ́wọ́.

American Idiot, Green Day ìyẹn náà, oṣù kẹsàn-án 2004, ìgbà tí ogun Iraq ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n wá sọ gbogbo àwo di ìtàn ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni pọ́ọ̀pù-pọ́ǹkì ti kọ́ lílé, "Jesus of Suburbia" gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó sì pín sí ọ̀nà márùn-ún. "Wake Me Up When September Ends" tí gbogbo èèyàn máa ń gbé sórí status tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, bàbá Billie Joe ló kọ ọ́ fún, tó kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10. Ìṣẹ́jú 57 ni gbogbo àwo. Third Mainland ò gùn ju kìlómítà 11.8 lọ, àmọ́ mo ti gbọ́ American Idiot látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí afárá yẹn rí, mi ò tíì rí Adéníji Adélé lọ́ọ̀ọ́kán. Èyí ni mo máa mú fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, láìṣiyèméjì.

Ẹni tí kò lè yàn

Àwọn kan máa sọ pé méjèèjì làwọn fẹ́. Ẹ lọ gbọ́ àwo àkọ́kọ́ Violent Femmes, 1983, ìṣẹ́jú bíi 36. Ọmọ Milwaukee ni wọ́n, títì ni wọ́n ti máa ń kọrin, ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Pretenders ló bá wọn níwájú gbọ̀ngàn tí àwọn fẹ́ ṣeré sí lọ́dún 1981, wọ́n ní kí wọ́n wá kọ tiwọn nínú ilé. Béèsì tí kò lo iná, ìlù tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá, ohun èlò fóòkù ló pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ ìbínú àti ìkánjú inú ẹ̀, pọ́ǹkì gidi ni. Gordon Gano ti kọ púpọ̀ nínú ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílé ìwé girama, ohun tó sì wà lọ́kàn ọmọkùnrin ọjọ́ orí yẹn ló sọ, kò fọ ọ́ mọ́. Ègbè ẹ̀ ṣeé pariwo, lílé ẹ̀ ṣeé jókòó tì.

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ Dookie tán tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ irú ẹ̀, Enema of the State ti Blink-182, 1999, ó dùn, ó yá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ padà sí i, nítorí ìlù Travis Barker ni mo ṣe máa ń gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ Pink Moon lẹ fẹ́ irú ẹ̀, For Emma, Forever Ago ti Bon Iver, ọkùnrin kan tó dá wà nínú ahéré bàbá ẹ̀ nínú igbó Wisconsin nígbà òtútù tó gbà á sílẹ̀, òru nìkan ni kẹ́ ẹ gbọ́ ìyẹn náà.

Àbúrò mi ti gbọ́ mẹ́fà nínú wọn báyìí. Ó pè mí lánàá láti ibi iṣẹ́, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Violent Femmes ti wọlé sórí fóònù mi o, ṣé ibí ni kí n ti gbọ́ ọ àbí kí n dúró dìgbà tí mo bá délé?" Mo ní kó gbọ́ orin àkọ́kọ́ níbẹ̀, kó fi ìyókù sílẹ̀ di alẹ́.